Kò Sí Ọ̀gá Kékeré Níbi Tí Ẹ̀rọ Ti Gé Ìka

Ní ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Keteren Gwari ní Minna níbí, alàgbà kan dìde, wọ́n ní owó tí àjọ NSITF ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá láti fi tọ́jú òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe kò kan àwa tí ọmọ iṣẹ́ wa kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Wọ́n ní ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni. "Bí nǹkan bá ṣe ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi, bàbá rẹ̀ ni mo jẹ́, èmi náà ni màá tọ́jú rẹ̀." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà burú, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba: ẹni tó bá gba ènìyàn síṣẹ́ kó san owó gbà-má-bínú lé e lórí. Bó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, kó san án.

Òfin owó gbà-má-bínú yìí kò fara sin. Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ú, òun ló sì rọ́pò òfin ọdún 1987. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí ọ̀gá bá san fún òṣìṣẹ́ lóṣù, kó yọ náírà kan láti àpò ara rẹ̀ sínú àpò tí NSITF ń ṣọ́. Inú àpò yẹn ni wọn yóò ti máa tọ́jú ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe, ẹni tí iṣẹ́ sọ di aláàbọ̀ ara, àti ìdílé ẹni tí iṣẹ́ pa. Òfin pẹ́ńṣàn ní ó di òṣìṣẹ́ 15 kó tó di dandan. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ti gbà-má-bínú yìí kò yọ ṣọ́ọ̀bù kékeré sílẹ̀ rárá. Ó ka ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ẹni tí a gbà fún ìgbà díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ka ẹni tí àdéhùn wa pẹ̀lú rẹ̀ kò ju ti ẹnu lásán lọ mọ́ ọn. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ iṣẹ́ lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Jórinjórin tó ní ọmọ márùn-ún, tó ń san ₦50,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ₦250,000 ni gbogbo owó oṣù tó ń san. Ohun tí NSITF yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦2,500. Ṣé èyí ló fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa? Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan ń gbé kiri ojú títì ń kọ́? A ń san owó pátákó, a ń san owó rédíò tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí a kò mọ̀ rí já ìwé fún wa, a sanwó, a dúpẹ́. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó padà wá bá ọmọ iṣẹ́ wa. Àwọn ọ̀gá tó ń ráhùn yìí kan náà ló ń ra aṣọ ẹbí ní Sátidé mẹ́ta nínú oṣù kan. Kò sẹ́ni tó dìde ní ìpàdé láti bèèrè bóyá aṣọ ẹbí kan oníṣọ́ọ̀bù kékeré.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "bàbá rẹ̀ ni mo jẹ́." Bàbá wo? Gbogbo ẹni tó ti gbé Minna pẹ́ ló mọ bí bàbá yìí ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin gé ọmọ níka. Ní ọjọ́ kìíní, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ó san owó káàdì àti abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó fi mọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ọjà kò tà mọ́. Nígbà tí oṣù yóò fi parí, ọmọ mìíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ náà, ọ̀gá kò sì gbé fóònù ìyá ọmọ àkọ́kọ́ mọ́. Ìyá wá kó aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà láti fi tọ́jú ọwọ́ tí kò lè di òòlù mú mọ́. Ṣé bí bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn? Ọmọ yín gan-an, ẹ jẹ́ fi síbẹ̀?

Bí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́ tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ ńkọ́? Òfin ní kí àpò náà máa san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún wọn lóṣooṣù, kí àwọn ọmọ sì máa gbà á títí wọn yóò fi pé ọdún 21 tàbí parí yunifásítì. Kí ọ̀gá kan ní Keteren Gwari na ọwọ́ sókè, kó ní òun ti fi owó ara òun ṣe bẹ́ẹ̀ fún opó rí. N ó dúró dè é. Òfin mọ̀ wá, ìdí nìyẹn tó fi ní àdéhùn tí òṣìṣẹ́ bá ṣe pé òun kò ní gba ẹ̀tọ́ òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó tún kà á léèwọ̀ fún ọ̀gá láti yọ owó tó ń san sínú àpò náà kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́.

Ohun tí alàgbà wa kò rí ni pé àwa kékeré gan-an ni òfin yìí dáàbò bò jù. Owó tí òṣìṣẹ́ gbà láti inú àpò náà ló dípò ẹjọ́ tí ì bá pe ọ̀gá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá lè jẹ̀bi ẹjọ́ kan kó sì jí ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ márùn-ún kò lè rí i ṣe. Àwọn Jámánì ti mọ èyí láti ọdún 1884 tí wọ́n ti ṣe irú òfin yìí.

Ibi tó yẹ kí a ti fi ìbínú wa hàn wà, a kò sì lọ síbẹ̀. Òfin ní lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n máa fi ewu inú iṣẹ́ díwọ̀n owó tí oníkálùkù yóò san. Síbẹ̀ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náà ni wọ́n ṣì ń bù fún gbogbo wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ní Galkogo, ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ilẹ̀ ya lu nǹkan bí 30 ènìyàn nínú kòtò ìwakùsà, díẹ̀ ni wọ́n tètè rí yọ nínú wọn. Ṣé ìdá kan náà ló yẹ kí oníkòtò yẹn àti onídìrí tó ní ọmọ méjì máa san? Èyí ni ká gbé lọ bá ìjọba àpapọ̀, ká má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dá wa lóhùn.

Alàgbà náà tún ní ikán ti jẹ owó tó wà lọ́wọ́ NSITF. Òótọ́ ni pé ní ọdún 2022, nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà bèèrè ìwé owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà lọ́wọ́ NSITF, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé inú kọ̀ǹténà ni ìwé náà wà, pé òjò ti lè pa á, pé ikán ti lè jẹ ẹ́. Inú bí mi nígbà náà, ó ṣì ń bí mi. Kí a mú ẹni tó kó owó, kí a fi í jófin. Àmọ́ ẹni tí kò san kọ́bọ̀ rí, ẹnu wo ló fẹ́ fi bèèrè ìṣirò? Olè jíjà Àbújá kò sọ pé kí ọmọ Keteren Gwari fi ọwọ́ kan jẹun kalẹ́.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú owó tó ń san fún wọn, kí ẹgbẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ sí ọ́fíìsì NSITF. Kí a gba rìsíìtì, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù níbi tí ojú ọmọ iṣẹ́ ti lè tó o, kí ó mọ ibi tí yóò lọ bí nǹkan bá ṣe é, bí ọ̀gá rẹ̀ bá wà láyé, bí kò bá sì sí.