Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe Àsọtẹ́lẹ̀

Ọlọ́run tí ó dá wa sí, láti ìgbà tí a ti ń sáré lọ sí ìjọ́sìn òwúrọ̀ pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́ títí di òní, òun ni ọpẹ́ yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti mọ àwọn tí yóò wá, a dé orí orúkọ kan, gbogbo wa sì dákẹ́. Ọmọbìnrin náà ni ó máa ń gba ẹ̀bùn bàọ́lọ́jì ní kíláàsì wa. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní àárẹ̀ oyún ni, kí ó lọ sinmi. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì gbé e, kò sì jí mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó wọn ìfúnpá rẹ̀.

Nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àìsàn tí ó mú un lọ ni àwọn oníṣègùn ń pè ní pre-eclampsia. Bí ó bá ti di gìrì, wọ́n a pè é ní eclampsia. Ó ju ẹ̀jẹ̀ ríru lásán lọ. Lẹ́yìn tí oyún bá ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀, ìfúnpá obìnrin a gòkè dé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Purotéènì a máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, tàbí kí kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Ibi ọmọ ni gbòǹgbò àìsàn náà wà, nítorí náà ohun tí ń mú un kúrò kò ju kí a bí ọmọ, kí ibi ọmọ sì jáde. Ìṣòro ńlá sì nìyí: bí a bá tètè bí ọmọ jù, ọmọ lè má yè, bí a bá sì dúró pẹ́ jù, ìyá lè bá a lọ. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi ń kí ìyá ìkókó pé, “Ẹ kú ewu ọmọ.” Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 287,000 obìnrin ni ó kú nípa oyún àti ìbímọ ní gbogbo ayé, àti pé nǹkan bí 82,000 nínú wọn jẹ́ ti Nàìjíríà. Àìsàn yìí wà lára àwọn ohun tí ń pa wọ́n jù.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ìmọ̀ ìṣègùn ti ń kọ́ láti mú ẹkún yìí sun láti òkèèrè. Ní ọdún 2003, Ananth Karumanchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní sFlt-1, tí ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, a máa pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú àwọn tí ó ní àìsàn yìí. Ohun kejì ni PlGF, tí ń ran àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dàgbà. sFlt-1 a dì mọ́ PlGF, kò sì ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìyípadà yìí sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí orí tó fọ́, kí ojú tó wú.

Ohun tí àyẹ̀wò náà ń ṣe kò ju pé kí a wọn méjèèjì, kí a sì fi PlGF pín sFlt-1. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé, nínú àwọn aláboyún tí a fura sí, bí iye náà bá jẹ́ 38 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ó ju 99 lọ nínú 100 wọn tí àìsàn náà kò ní mú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún kan náà, àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí lílo irú àyẹ̀wò yìí. Ìwádìí mìíràn ní ibùdó ìbímọ 11 ní Bìrìtéènì, tí a tẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé wíwọn PlGF dín àkókò tí a fi ń dá àìsàn náà mọ̀ kù láti ọjọ́ 4.1 sí ọjọ́ 1.9. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú fi àṣẹ sí ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò náà.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Nínú ìwádìí ọdún 2016 yẹn, lára àwọn tí iye tiwọn ju 38 lọ, nǹkan bí 37 péré nínú 100 ni àìsàn náà mú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àyẹ̀wò náà kì í ṣe wòlíì. Agbára rẹ̀ tí ó tóbi jù ni láti sọ ẹni tí ó lè padà sílé ní àlàáfíà, fún àwọn yòókù, ohun tí ó ń sọ ni pé, “Ẹ má ṣe mú ojú kúrò lára ẹni yìí.”

Àwọn kan lára àwa onígbàgbọ́ a máa sọ pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń gbin ẹ̀rù sínú aláboyún, pé àdúrà tó. Àwa náà ń gbàdúrà, a kò sì ní dẹ́kun. Ṣùgbọ́n Bíbélì tí a fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò fi pamọ́ fún wa pé Rákẹ́lì tí Jákọ́bù fẹ́ràn kú lórí ìkúnlẹ̀. Oníṣègùn sì ni Lúùkù tí ó kọ ìwé Ìhìnrere. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ wa kọ́ ilé-ìwòsàn pẹ̀lú, bí Wesley Guild ní Iléṣà àti ti Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò rí i pé ọ̀kan tako èkejì.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti owó. Àyẹ̀wò yìí wọ́n, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná, kò sì tíì wọ́pọ̀ ní àwọn ilé-ìwòsàn wa. A gbà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbà pé ó yẹ kí ètò wà nínú ohun tí a óò béèrè fún. Èkíní, kí a máa wọn ìfúnpá gbogbo aláboyún, kí a sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, nígbàkígbà tí ó bá wá. Èkejì, kí magnesium sulphate má wọ́n ní ilé ìgbẹ̀bí kankan. Ìwádìí ńlá kan tí Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, tí ó kan obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, ti fi hàn láti ọdún 2002 pé oògùn yìí ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn dókítà tètè mọ ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n lè fún un ní aspirin díẹ̀díẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá oyún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, kí ètò adójútòfò ìlera sì san owó rẹ̀. Àyẹ̀wò tí kò ní oògùn àti ibùsùn lẹ́yìn kò yàtọ̀ sí agogo tí a lù ní ibi tí kò sí ènìyàn.

Kí ni tiwa níbẹ̀? A ń bẹ gbogbo sẹ́ẹ̀tì pé, nínú owó tí a ó ná sórí aṣọ àjọ̀dún, kí a yọ díẹ̀ ra ẹ̀rọ ìfúnpá àti ohun tí a fi ń yẹ ìtọ̀ wò fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ wa ká, ti ìjọ pẹ̀lú ti ìjọba. Kí a kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá bí a ti ń wọn ìfúnpá. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni ọmọ yín àti ìyàwó ọmọ yín yóò kọ́kọ́ sọ fún. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun gidigidi, ojú òun ń ṣe bàìbàì, òkè ikùn ń dun òun, tàbí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé wú, ẹ má ṣe ní kí ó lọ sùn. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí a bá ṣe èyí, orúkọ ẹlẹgbẹ́ wa tí a kà tí a fi dákẹ́ kò ní jẹ́ orúkọ tí a kàn ń sunkún lé lórí. Gbogbo aláboyún inú agbo wa, Olúwa yóò sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní àyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.