Ẹwìrì ìdí ọkọ̀: ẹni tó ni ín ni kó tú u

Ẹni tó bá ti dúró ní àgbẹ̀dẹ rí mọ ẹwìrì, awọ tí ọmọ iṣẹ́ ń tẹ̀ sókè sódò kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ iná ọ̀gá rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ẹwìrì tiwọn náà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti inú omi kò fẹ́ iná kankan. Rọ́bà dúdú ni, ìṣẹ́po rẹ̀ tò léra wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju pé kó máa ká, kó máa nà, kó má jẹ́ kí omi wọlé. Ọjọ́ tó bá ya lóru, tí olúkálukú ti lọ sùn, ibi tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ gan-an ló máa rì sí.

Irú ọkọ̀ tó ń lo rọ́bà yìí ni wọ́n ń pè ní sterndrive. Èèyàn lè máa wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Falomo lójoojúmọ́ láì rí ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò orí ọ̀sà Èkó ló gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sí ìdí, níta gbangba, láìlu ihò kankan sí ara ọkọ̀. Ní ti sterndrive, inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí bíi ti mọ́tò, ẹsẹ̀ irin tó gbé pùròpẹ́là wà níta, ṣáàfù kan sì gba ihò ìdí ọkọ̀ kọjá láti so wọ́n pọ̀. Volvo Penta ti Sweden ló gbé Aquamatic jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York ní 1959. Ará Amẹ́ríkà kan, Jim Wynne, ló gbé èrò náà tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tó di 1961, MerCruiser ti Amẹ́ríkà náà ti gbé tirẹ̀ dé.

Ẹsẹ̀ irin yẹn kì í dúró sójú kan. Ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣáàfù tó bá máa bá a yí gbọ́dọ̀ ní oríkèé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kírọ́ọ̀sì, rọ́bà yìí ni wọ́n sì fi bo kírọ́ọ̀sì àti ihò náà pa pọ̀. Àwọn awakọ̀ wa mọ àbúrò rẹ̀ dáadáa: rọ́bà ṣáàfù abẹ́ mọ́tò. Bí tinú mọ́tò bá ya, gírísì á dà, iyanrìn á wọ̀ ọ́, ọkọ̀ á máa ké kà-kà-kà tó bá fẹ́ yà ní kọ́nà, olówó ọkọ̀ á sì máa wà á bẹ́ẹ̀ títí owó oṣù fi wọlé. Ti inú omi kò fún èèyàn láyè irú èyí. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ihò tó fẹ̀ ní ínṣì 2, tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan sábẹ́ omi, lè gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 78 wọlé ní ìṣẹ́jú kan, ní ìwọ̀n gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tí wọ́n kọ 500 sí lára, gálọ́ọ̀nù 500 ló ń fà ní wákàtí kan, ìyẹn ò sì pé 9 ní ìṣẹ́jú kan, ká tiẹ̀ ní bátìrì lágbára. Lóòótọ́, rọ́bà kì í sábà ya pẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń là díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́po, níbi tí ojú kì í dé. BoatUS, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ti yẹ ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè owó adójútòfò wò, ti sọ pé bí ọkọ̀ kan bá rì lójú ìrìn, bíi mẹ́rin ló ń rì níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́. Rọ́bà yìí sì wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ pé ó ń fà á.

Ọ̀tá rẹ̀ pọ̀. Oòrùn ń sọ ọ́ di gbígbẹ. Nínú omi iyọ̀, àwọn ìkarahun kéékèèké máa ń lẹ̀ sínú ìṣẹ́po rẹ̀, ẹnu wọn mú bí abẹ, ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì yí ni wọ́n ń gé e. Ní àwọn adágún Amẹ́ríkà, ẹranko kan wà tó ń gbé inú omi, tó jọ òkété, òun náà máa ń fi eyín tọ́ rọ́bà wò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ba púpọ̀ jẹ́: ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ kan rọ́bà ká pọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì nà tantan, bó sì ṣe gan síbẹ̀ nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó so tirẹ̀ sínú omi iyọ̀ kò rí bá ti ṣé: bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, rọ́bà ń jìyà, bó bá gbé e sílẹ̀, ìkarahun á bo pùròpẹ́là. Ó kàn ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè ju àwọn yòókù lọ ni.

Ọdún méjì méjì ni Volvo Penta ní kí wọ́n máa pààrọ̀ tiwọn. MerCruiser ní kí wọ́n máa yẹ tiwọn wò lọ́dọọdún. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: ṣé mẹkáníìkì ni kó ṣe é, àbí ẹni tó ni ọkọ̀? Àwọn tó ní kí olówó ọkọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀ sábà máa ń sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní rọ́bà àti àwọn kílíìpù rẹ̀ kò pọ̀ lówó, nígbà tí wákàtí kan mẹkáníìkì ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ju 100 dọ́là lọ ní ibi púpọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé èèyàn dìde. Àsìkò ló ṣe pàtàkì. Ní gbogbo ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ìgbà tí oòrùn bá yọ ni gbogbo ọlọ́kọ̀ ń rántí mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà á gùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà á wo rọ́bà rẹ̀, á ní ó ṣì dúdú, á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Irú “ó di ọdún tó ń bọ̀” yìí ni omi ń bá wọlé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ìlà tó ń tò. Ó lè ṣe é ní oṣù kọkànlá, nínú gáréèjì, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ọkọ̀ wà.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àwàdà, ẹni tó bá ní wákàtí méjì ló ń gbà kò rántí bí tòun ṣe rí nígbà àkọ́kọ́. Ká mú Alpha ti MerCruiser, tó wà níbi gbogbo. Wọ́n á fi jíà sí iwájú kí okùn jíà lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á tú àwọn ọ̀pá tó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà, wọ́n á wá fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Ìwúwo rẹ̀ súnmọ́ ti àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ti Bravo, irú MerCruiser mìíràn, jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń dá gbé lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ agbẹ́rù, kó bẹ ọ̀rẹ́ tí ìgbáròkó rẹ̀ dá a lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan píìnì méjì tó so irin àárín mọ́ ìdí ọkọ̀. Sípánà pàtàkì kan wà fún wọn. Ẹni tó bá ní òun á fi sípánà lásán gbìyànjú á bó orí píìnì náà, iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì di ti ọ̀sẹ̀ kan. Kó ra sípánà náà, tàbí kó yá a. Rọ́bà mẹ́ta ló ń dúró dè é níbẹ̀: ńlá tó bo kírọ́ọ̀sì, ti sàlẹ́ńsà, àti kékeré tó bo okùn jíà. Kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú di, bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà tààrà sínú ọkọ̀ lòun náà wà.

Ibi tí mẹkáníìkì tó ń kánjú ti ń dẹ́ṣẹ̀ kò ju ibi ìfọ̀mọ́ lọ. Irin tí rọ́bà máa jókòó lé gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kó má ku ìpẹ́ iyọ̀ tàbí gọ́ọ̀mù àtijọ́ kankan. Wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù sí rọ́bà kírọ́ọ̀sì, wọ́n á sì dúró kó gbẹ débi tó ń lẹ̀ mọ́ ìka kí wọ́n tó tì í wọlé. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó máa ń wà láàárín rọ́bà àti kílíìpù, tí kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ jẹ kílíìpù run. Ó rọrùn láti jù ú nù mọ́ pàǹtí. Orí kílíìpù náà gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí sikurudiráífà lè dé, torí ẹlòmíràn á tún wá tú u lọ́jọ́ kan.

Ní ti rọ́bà sàlẹ́ńsà, ẹni tó yà á sí bó ṣe wà yẹn kò nífẹ̀ẹ́ ọmọnìyàn. Inú kọ́lọ́fín ló wà, ó le, ọwọ́ kì í dé ẹ̀yìn rẹ̀, àfi kí èèyàn ní irin tó ń fẹ̀ ẹ́ láti inú. MerCruiser fúnra wọn ní túùbù kan tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, iwájú nìkan ló so mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ariwo á pọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí etí adágún ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi bó bá yan èyí, torí yíya rọ́bà sàlẹ́ńsà kọ́ ló ń da omi sínú ọkọ̀. Àwọn méjì yòókù ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn rọ́bà gan-an ló tó ìdí tí olówó ọkọ̀ fi yẹ kó wà níbẹ̀. Bẹ́árìn ńlá kan wà tí ṣáàfù ń gbà kọjá. Kó fi ìka yí i. Bó bá ń yí geere, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ń wọ́ bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, ó ti jẹ omi, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan bóyá ẹ́ńjìnnì àti bẹ́árìn náà wà lórí ìlà kan. Ọ̀pá irin gígùn kan ni wọ́n fi ń wò ó: bí wọ́n bá fi gírísì pa orí rẹ̀, tí wọ́n tì í gba bẹ́árìn kọjá dé ibi eyín irin ara ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kó wọlé pẹ̀lú agbára ìka méjì, kí àpá eyín irin sì hàn dọ́gba yí orí rẹ̀ ká. Bí àpá bá wà lápá kan nìkan, wọ́n á gbé iwájú ẹ́ńjìnnì sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá ẹsẹ̀ padà, ìwọ̀n 50 foot-pound ni wọ́n ń fún nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí gbogbo èyí mọ ohun tí ariwo tuntun lẹ́yìn ọkọ̀ ń wí. Ìwé owó tí mẹkáníìkì kọ “a pààrọ̀ rọ́bà” sí kò lè sọ ọ́ fún un.

Ó ṣì ku àwọn tí kò yẹ kó dán an wò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lo ogún ọdún nínú omi iyọ̀ láìtú ẹsẹ̀ rẹ̀ rí á bá irin tó ti di ẹyọ kan, iná àti òòlù nìkan ló ń yà wọ́n. Kó gbé ti ọ̀hún fún mẹkáníìkì, kó dúró tì í, kó wo ohun tó ń jáde, ẹ̀ẹ̀kejì ni kó ṣe fúnra rẹ̀. Kó fi lẹ́ẹ̀dì pupa kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, torí kò sẹ́ni tó ń rántí bóyá ọdún méjì ni àbí márùn-ún.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ń padà sómi, kó fi tírélà tì í wọlé títí omi fi bo ìdí rẹ̀, kó má sì tú okùn. Kó gun ọkọ̀, kó ṣí ìdérí, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kó fi ọwọ́ nu abẹ́ ibi tí ṣáàfù ti gba ìdí ọkọ̀ kọjá. Kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún nu ún. Bí ọwọ́ bá jáde ní gbígbẹ, kó lọ tú okùn. Bó bá tutù, tírélà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.