Ọ̀dùnkún Kì í Ṣe Àlejò Nínú Oko Wa

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúbọ, ọ̀rọ̀ oko ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojúbọ, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Ẹbí kan ní ẹ̀bá Àrámọ̀kọ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa láti fi dá oko àjùmọ̀dá, kí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn opó tí kò ní ilẹ̀ lè rí ibi fi ọkọ́ sí. A ti fẹnu kò lórí iṣu. A kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀dùnkún. Àwọn àgbà kan láti Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n ní oko tí a bá fi orúkọ Ìṣẹ̀ṣe dá kò gbọdọ̀ gba ohun ọ̀gbìn tí àwọn baba ńlá wa kò mọ̀. Wọ́n ní iṣu ni Èkìtì ń gbìn, ìyán ni Èkìtì ń jẹ, oúnjẹ òyìnbó sì ni ọ̀dùnkún. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. N kò gbà pẹ̀lú wọn.

Kò sí ẹni tí yóò bá iṣu du ipò ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n yẹ àbùdá iṣu wò fi hàn pé agbègbè odò Ọya, níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni a ti mú un kúrò nínú igbó wá sí oko. Àwọn tiwa ni ó tọ́ ọ dàgbà. Abájọ tí a kì í fi í jẹ titun rẹ̀ kí a tó fi bọ. Ọ̀dùnkún kò ní ọdún tirẹ̀, kò sì béèrè fún un.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá jáde kúrò lóko, kí ni yóò kù? Àgbàdo yóò jáde, ẹ̀gẹ́ yóò jáde, ata rodo, ẹ̀pà àti kòkó yóò tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Ẹ̀yìn ọdún 1492 ni ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú wọn la òkun kọjá. Ẹ wá wo ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ tí a ń gbé síwájú Èṣù, tí a fi ń ṣe ètùtù, àgbàdo ni a fi ń ṣe é. N kò tíì rí babaláwo tí ó kọ ẹ̀kọ lójú ẹbọ nítorí pé àgbàdo jẹ́ àjèjì.

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ìmọ̀ èdè ṣiṣẹ́, orúkọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ìrẹsì àti tòmátì gbé orúkọ àjèjì wọn wọlé, etí ń gbọ́ ọ. Ti ọ̀dùnkún kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan ń pè é ní kúkúndùkú, àwọn mìíràn ní ànàmọ́, ìlú kan sì ń bá ìkejì jiyàn lórí èyí tí ó tọ̀nà. Ohun tí ó ní orúkọ mẹ́ta lẹ́nu wa kì í ṣe ohun tí ó dé lánàá. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé nítorí pé ó dùn ni a ṣe ń pè é ní ọ̀dùnkún. Ìtumọ̀ etí lásán nìyẹn. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń kọ ọ́ fún mi.)

Gbólóhùn tí ó dùn mí jù nínú àríyànjiyàn yìí ni “oúnjẹ òyìnbó.” Ṣé òyìnbó ni ó ni ín? Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbin ọ̀dùnkún. Èyí tí a tilẹ̀ ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó, èyí tí ń ti Jos wá, orí òkè Andes ní ilẹ̀ Peru àti Bolivia ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣì ń ta ọtí sílẹ̀ fún Pachamama, ìyá tí í ṣe ilẹ̀, kí wọ́n tó gbìn. Ní ẹ̀bá Pisac, lágbègbè Cusco, àwọn abúlé Quechua kan pa ilẹ̀ wọn pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Parque de la Papa, wọ́n sì ń tọ́jú irú ànàmọ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀. Ẹni tí ń bọ ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbìn ín. Òyìnbó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àwa sì wá fi orúkọ òyìnbó pè é.

Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Ireland, irú kan ṣoṣo ni àwọn tálákà ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbìn. Àrùn kọlù ú ní 1845, ìyàn tí ó tẹ̀lé e sì pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn. Kí àwọn tí ó fẹ́ kí a fi iṣu nìkan kún oko rántí èyí. Ní ti ànàmọ́ òyìnbó fúnra rẹ̀, n kò dábàá rẹ̀. Òtútù òru ni ó fi ń ta. Òkè Ẹ̀fọ̀n tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ga tó Jos, tí ó lé ní 1,200 mítà.

Ọ̀dùnkún ni mo ń sọ. Ẹ wo Ọ̀fà, tí kò jìnnà sí wa: ta ni kò mọ Ọ̀fà mọ́ ànàmọ́? Síbẹ̀ wọn kò tìtorí rẹ̀ fi Ìjàkadì sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹni tí yóò gbin iṣu ní láti ra èbù, èbù sì wọ́n; bí kò bá rà á, yóò yọ ọ́ nínú iṣu èṣí. Opó tí kò gbin iṣu ní èṣí, kí ni yóò yọ? Ìtàkùn ni a fi ń gbin ọ̀dùnkún. Bí mo bá gé ìtàkùn nínú oko rẹ, oko rẹ kò dín. Láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún a ti ń wà á jẹ, nígbà tí iṣu ṣì wà nílẹ̀. Irú rẹ̀ kan tún wà tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ó ní èròjà tí ń la ojú ọmọdé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí ó wà ní Umudike ti fi í síta, àwọn tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Áfíríkà wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2016.

Àwọn ọmọ wa kan ń wa kùsà ní Ìjerò, àwọn kan ń gun ọ̀kadà ní Àrámọ̀kọ́, àwọn tó kù ti lọ sí Èkó. Ìṣẹ̀ṣe tí ó ń kú lójú wa kì í ṣe iṣu. Àáró ni, àti ọ̀wẹ̀. Iye ọ̀dọ́ tí ó bá rí oúnjẹ nínú oko yìí láàárín oṣù mẹ́rin ni yóò padà wá bá wa kọ ebè iṣu lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹnìkan béèrè bóyá a bi Ifá. A bi í kí a tó gba ilẹ̀, a sì rú ẹbọ tí ó yàn. Kò ka ọ̀dùnkún léèwọ̀ fún ilẹ̀ náà. N kò ní fi èyí pa ẹnu àwọn àgbà mọ́. Àwọn tí ó ti Ìjerò àti Àrámọ̀kọ́ wá, ilẹ̀ Ajerò àti Alárá tí à ń dárúkọ nínú Ifá, kì í ṣe ẹni tí mo lè kọ́ ní Ifá. Kí wọ́n wá, kí a jọ sọ ọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ògún tí ó bá tẹ̀lé òjò àkọ́rọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀. Apá òkè ni ti iṣu. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti fúyẹ́ tí omi kì í dúró, ni mo fẹ́ kí a fún ọ̀dùnkún. Kí ìtàkùn kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan; oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a ó bò mọ́ inú ebè, a ó fi orí rẹ̀ síta. Bí ebè bá sán, ẹ tètè fi yẹ̀pẹ̀ dí i, nítorí ojú sísán yẹn ni kòkòrò ń gbà wọlé, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti gbó. Ìyá kan ní Ọ̀kẹ̀mẹ̀sí ti ṣèlérí ẹrù ìtàkùn mẹ́ta. Ẹni tí ó bá tún ní, kí ó gé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ó fi ewé tútù dì í wá.