Ẹrù Orí Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó gbéra, tí ó ń fa okùn ẹrù wò, tí ó sì ń tún un fà, àwọn tí ó dúró nítòsí a máa pè é ní ojo. Wọn a ní, "Ṣé òun ni yóò kọ́kọ́ di ẹrù sórí ọkọ̀ ni?" Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ẹni tí ẹrù orí ọkọ̀ kò bá bà lẹ́rù kò mọ ohun tí ó dì.

Ní ọdún 2019, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kó láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Tìmùtìmù fóòmù rẹ̀ kò gba inú ọkọ̀, nítorí náà a gbé e lé òrùlé, a sì dojú tábìlì onígi kan dé e lórí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà sókè bí ti ewúrẹ́ tí ó kú. Òjò nìkan ni ó ń ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù. A wá ọ̀rá, a fi bo fóòmù náà dáadáa. Ta ni ó bèèrè ohun tí okùn lè gbà? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Rọ́bà inú táyà tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ni awakọ̀ fi so ó. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí. Mo ti gbé èyí tí ó ju èyí lọ."

Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1978, gùn tó kìlómítà 127, ó sì ń pe awakọ̀ pé kí ó sáré. A kò tíì dé Ògèrè tí òrùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá. Awakọ̀ na ọwọ́ ọ̀tún mú ọkọ̀, ó fi tòsì di etí fóòmù mú láti ojú fèrèsé. Ẹ ó ti rí irú èyí rí. Kí ni apá ènìyàn lè ṣe níbẹ̀? Bí eré ọkọ̀ bá kúrò ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan tí ó di 100, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ẹrù kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni í dì. Iwájú ni ó ń gbà wọ abẹ́ fóòmù. Rọ́bà sì rèé, bí a bá ti ń fà á ni ó ń nà.

Àwọn ìyá wa tí ń ru ẹrù lọ sí ọjà a kọ́kọ́ ká òṣùká. Bí ẹrù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn wọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, wọn a sì dúró tún un gbé. Ọkọ̀ kò ní ọrùn. Ẹni tí ó ń wà á kò rí ẹrù, kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ni ó lè ṣe iṣẹ́ ọrùn fún un.

A gbọ́ gbàà! Tábìlì ti já bọ́ lẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan tí ó gun alùpùpù, tí ó gbé ọmọ ilé-ìwé kan sẹ́yìn, yà fún un, ó sì wọ inú koríko lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọn kò fara pa. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn aṣọ ọmọ náà, ó wò wá, kò sì sọ ohunkóhun. Ìbá sàn kí ó bú wa.

Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ akẹ́rù kò sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹrù sórí ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó lo okùn tí kì í nà. Kí ó so iwájú àti ẹ̀yìn ẹrù mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ìbú nìkan. Kí ó sì dúró wò ó lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, nítorí fóòmù a máa rọ̀ sílẹ̀, okùn a sì dẹ̀.

Okùn gidi ni a rà ní Ògèrè. Awakọ̀ wa, ẹni tí ó ti gbé èyí tí ó ju èyí lọ, sọ̀kalẹ̀ fa okùn náà wò lẹ́ẹ̀mẹrin kí a tó dé Èkó, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa pè é ní ojo.