Mẹ́dàlì tó wà ní ojúbọ Ògún

 

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Challenge wá bá mi nílé. Kò wá dáfá. Ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì bàbá rẹ̀ ló bá wá. Ẹnìkan ní Dùgbẹ̀ ti sọ pé òun máa rà á, bẹ́ẹ̀ owó ilé ìwé ọmọ ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò bá a wí. Gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe rí.

Bàbá náà jagun Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni mẹ́dàlì ọ̀hún. Nígbà tí bàbá kú ni ẹbí gbé e sí ojúbọ Ògún wa. (Idẹ ni, kì í ṣe irin, Ọ̀ṣun ló sì ni idẹ. Ṣùgbọ́n ojú ogun ló ti wá, Ògún ò sì tíì bá wa jà lórí ẹ̀.)

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé torí pé bàbá láyà ni wọ́n ṣe fún wọn?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní rárá. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ojú ogun Bọ́mà ni òyìnbó fún ní irú ẹ̀, àtẹni tó yìnbọn, àtẹni tó fi orí ru oúnjẹ gba inú igbó. Kò tilẹ̀ sí orúkọ bàbá lára rẹ̀. Ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Mo wá sọ ti Fájuyì fún un, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì ní Dùgbẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n tún fi pe bárékè Odògbó ní Òjóò. Ọmọ Adó-Èkìtì ni. Ní 1961, nígbà tí àwọn ṣọ́jà wa wà ní Kọ́ngò lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọ̀tá lúgọ de àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Kàtáńgà, ó sì kó wọn yọ. Ìyẹn ló fi gba Military Cross. A ti gba òmìnira nígbà náà o, ṣùgbọ́n Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí wa títí di 1963.

Irú ìyẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ọ̀gá ẹni ní láti kọ ohun tí ẹni náà ṣe sílẹ̀, ibi tó ti ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é. Èyí dùn mọ́ mi. Èyí tí ò dùn mọ́ mi ni pé ọ̀gá ṣọ́jà nìkan ló wà fún. Ṣọ́jà kékeré tó ṣe irú akin kan náà, Military Medal ni tiẹ̀. Ó di 1993 kí òyìnbó tó pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Ní Ìbàdàn tó rán Balógun Odérìnlọ́ lọ sí Òṣogbo ní 1840, ẹni tó bá lè jagun ló ń joyè, wọn kì í bi í pé ta ni bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kọ́ngò kọ́ ni ará Ìbàdàn fi ń rántí Fájuyì. Ní July 29, 1966, òun ni gómìnà wa, Aguiyi-Ironsi olórí ìjọba sì jẹ́ àlejò rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà wá mú àlejò. Àwọn kan ń jiyàn pé wọ́n wá mú òun náà ni. Ohun tí a gbọ́ dàgbà ni pé ó ní ibi tí wọ́n bá gbé àlejò òun lọ, òun náà á lọ. Lálùpọn ni wọ́n pa àwọn méjèèjì sí. Ogójì ọdún ló lò láyé.

Àbúrò mi dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó ní, "Ta ló wá mọ ohun tí bàbá tèmi ṣe?"

Mo rán an létí àbúrò bàbá wa obìnrin tó wà ní Agbówó. Ìyá yẹn nìkan ló kù tó lè ki oríkì bàbá, àti ti Bọ́mà tí wọ́n fi kún un nígbà tó dé. Mo ní kó lọ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ kó tó padà wá sọ̀rọ̀ owó.

Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ìyá ò tíì kì í tán.