Ọkùnrin Náà Ńkọ́?



Ní ilé, ní Nàìjíríà, ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ti ọdún 1968 ti wí tẹ́lẹ̀ rí ní ẹsẹ̀ 127 pé bí ọlọ́pàá obìnrin tí kò lọ́kọ bá lóyún, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ní oṣù January 2021, wọ́n torí rẹ̀ yọ ọlọ́pàá obìnrin kan ní Èkìtì. Kò sí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá ọkùnrin tó fún obìnrin lóyún.

Nọ́ọ̀sì ni mí. N kò tíì rí oyún tí obìnrin dá ní.

Ẹ ka Jòhánù orí 8. Obìnrin nìkan ni wọ́n wọ́ wá síwájú Jésù, bẹ́ẹ̀ òfin Mósè dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́, àmọ́ Olúwa kórìíra òṣùwọ̀n méjì.

Ilé tiwa ńkọ́? Ọmọbìnrin pẹ́ níta, a bá a wí. Ọmọkùnrin pẹ́, a ní ọkùnrin ni. Ẹ jẹ́ ká bá àwọn méjèèjì wí bákan náà, ká sì fẹ́ wọn bákan náà.