Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Wọn Ilé Ẹ̀kọ́ Girama?

Nígbà tí èsì ìdánwò WAEC bá jáde lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá, ní Òrà, àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: “Ilé ẹ̀kọ́ wo ni ó ta yọ? Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege?” Ìbéèrè yìí nìkan ni a fi ń sọ ilé ẹ̀kọ́ kan di ẹlẹ́yẹ, tí a sì fi ń sọ èkejì di ẹni ẹ̀sín. Bàbá tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ yóò yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba tí ó wà ní ìlú, yóò sì mú un lọ sí ibi tí òkìkí rẹ̀ ń kàn. Ọmọ tálákà ni yóò ṣẹ́kù, òun àti olùkọ́ tí gbogbo ìlú ti fi ẹnu bà jẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, èmi kò gbà pé ìdájọ́ yìí tọ́. Mo fẹ́ fi hàn pé òṣùwọ̀n tí a ń lò kì í ṣe òṣùwọ̀n òtítọ́, pé ó ń pa àwọn ọmọ wa lára, àti pé òṣùwọ̀n mìíràn wà tí ó sàn jù ú lọ, tí kò sì náni ní owó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yẹ̀ wò. Wọn a máa wí pé, “Nígbà tiwa, ilé ẹ̀kọ́ dára, ti òde òní ti bàjẹ́.” Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ohun kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ti girama kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà ní láti ṣe ìdánwò àbáwọlé; bí ó bá sì yege tán, baba rẹ̀ ní láti wá owó ilé ẹ̀kọ́ san. Ìgbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ni ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Ìlá wà nínú ìpínlẹ̀ yìí títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣe ṣí sílẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ adẹ́mu ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ilé ẹ̀kọ́ ọdún 1960 wé ti òde òní, kì í ṣe ohun kan náà ni ó ń fi wé ara wọn. Ti ìṣáájú ti fi asẹ́ sẹ́ àwọn ọmọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí gba gbogbo ọmọ tí ó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó gbé igbá òfìfo gun òkè, kí ó má ṣe fi ẹni tí ó ru àpò iyọ̀ ṣe ẹlẹ́yà pé kò yá lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsù yín kí a jùmọ̀ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé ẹ̀kọ́ méjì wà. Èkínní gba ọmọ 100 sí kíláàsì kìíní. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń lé àwọn tí kò tètè mọ̀wé jáde, títí tí ó fi jẹ́ pé 40 péré ni ó jókòó ṣe ìdánwò ìkẹyìn, tí 36 nínú wọn sì yege. Ó kọ ọ́ sí ara ògiri rẹ̀ pé: “90 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege.” Èkejì gba ọmọ 100 bákan náà, kò lé ẹnì kankan, 90 nínú wọn dé ibi ìdánwò, 54 sì yege. Èyí jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ni ìlú ṣe ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn òbí fi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́, mélòó ni ó mú dé èbúté? Èkínní mú 36. Èkejì mú 54. Àwọn 60 tí ilé ẹ̀kọ́ kìíní lé jáde ńkọ́? Wọn kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Wọ́n wà ní ọjà, wọ́n wà lórí ọ̀kadà, wọ́n wà ní ìdí iṣẹ́ tí a kò kọ́ wọn. Gbogbo alángbá ni ó dànú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iye tí a kọ sí ara ògiri kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún wa.

Bí ó bá ṣe pé àṣìṣe ìṣirò lásán ni, èmi kì bá tí lo ẹnu mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n èké a máa bí ìwà èké. Ní ọdún 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé iye ọmọ tí ó bá yege nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò níwájú alábẹ̀wò ni a ó fi mọ púpọ̀ nínú owó tí ilé ẹ̀kọ́ yóò gbà. Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ọmọ há ìwé kan ṣoṣo sórí, kí ó lè kà á bí omi níwájú alábẹ̀wò. Ohun tí kò sí nínú ìdánwò sì di ohun àpatì. Matthew Arnold, akéwì olókìkí nì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, lòdì sí ètò náà gidigidi. Òfin ẹ̀kọ́ tí a ṣe fún Èkó ní ọdún 1887 pẹ̀lú so owó ìrànlọ́wọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tìkára wọn ti pa ètò náà tì.

Síbẹ̀, aráyé kò kọ́gbọ́n. Ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, máàkì ìdánwò ni a fi ń gbé olùkọ́ ga, òun náà ni a sì fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí ìjọba Ìpínlẹ̀ Georgia gbé ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2011, wọ́n wí pé ní ilé ẹ̀kọ́ 44, olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ 178 ni ọwọ́ wọn kò mọ́ nínú ìdánwò ọdún 2009. Àwọn kan nínú wọn ti pa ìdáhùn tí ọmọ kọ rẹ́, wọ́n sì ti fi èyí tí ó tọ̀nà rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ dá 11 lẹ́bi. Bí àgbàlagbà tí ó kàwé tí ó sì ń gba owó oṣù bá lè ṣe èyí nítorí ìbẹ̀rù iye kan lásán, kí ni a ó sọ nípa tiwa? Àwa náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní mírákù sẹ́ńtà: ilé ẹ̀kọ́ tí a ń san owó fún kí ọmọ tí kò jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ kan rí lè wá forúkọ sílẹ̀ nígbà ìdánwò, kí ìdáhùn sì máa wọlé bá a lórí ìjókòó. Àwa ará Ìlá mọ ẹmu. Bí a bá ń fi kíkún akèrègbè nìkan yin adẹ́mu, kò ní í pẹ́ tí odò yóò fi wọ inú ẹmu. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwé ẹ̀rí tí a fi èrú gbà, kíláàsì kìíní ní Yunifásítì tó láti wó o.

Àwọn mìíràn wà tí kì í wo èsì ìdánwò. Ilé ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti rí òrùlé tuntun àti ọ̀dà tí ń dán, wọ́n ti dájọ́ tán. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, a ti rí ohun púpọ̀ ní àkókò kúkúrú. Ní ọdún 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ girama. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní Òṣogbo, èyí tí a kọ́ fún ọmọ tí ó tó 3,000. Láàárín ìgbà náà, a yí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ padà, a pa wọ́n pọ̀, a sì wọ̀ wọ́n ní aṣọ kan náà. Ní ọdún 2020, ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá dá ètò àtijọ́ padà. Èmi kò gan ilé dáradára. Ọmọ tí òjò ń pa kò lè kọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n orúkọ yí, aṣọ yí, ìṣirò kò sì rọrùn sí i fún ọmọ tí kò ní olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ó sì ti rí fún ilé baba ni ó rí fún ilé ẹ̀kọ́.

Mo gbọ́ ohùn ẹnìkan tí ń wí pé: “Olùkọ́ ọ̀lẹ ni o ń gbèjà. Bí a kò bá wo ìdánwò, kí ni a ó wò?” Ìbéèrè rere ni, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn. Èmi kò wí pé kí a pa ìdánwò tì. Ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti nínú ìṣirò yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni a tì mọ́ òun. Ẹni tí ó bá sọ fún un pé kò já mọ́ nǹkan ń tàn án ni. Ohun tí mo wí ni pé kí a wo ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó yin ẹni tí ó mú un dé ibi tí ó dé. Ẹ rántí òwe tálẹ́ńtì nínú Ìhìnrere: ẹni tí a fún ní méjì, tí ó jèrè méjì, ìyìn kan náà ni ó gbà pẹ̀lú ẹni tí a fún ní márùn-ún tí ó jèrè márùn-ún. Olúwa rẹ̀ kò gbàgbé ohun tí òun fi lé e lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n yìí kò sì rọ ọ̀lẹ lọ́rùn rárá. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣa àwọn ọlọ́pọlọ pípé nìkan, tí wọ́n sì jáde bí wọ́n ti wọlé, kò ṣe nǹkan kan, bí gbogbo wọn tilẹ̀ yege. Òṣùwọ̀n tèmi ni yóò tú u fó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rìn ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan jáde fún gbogbo ayé rí. Nígbà tí wọ́n rí i pé iye lásán ń ṣi àwọn òbí lọ́nà, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Progress 8 kalẹ̀. Ó ń wo ibi tí ọmọ wà nígbà tí ó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ó dé nígbà tí ó di ẹni ọdún 16, ó sì ń fi í wé àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní ipò kan náà. Òṣùwọ̀n yìí pẹ̀lú ní àbùkù tirẹ̀, nítorí kò ka ìṣẹ́ inú ilé ọmọ sí. Ṣùgbọ́n ó béèrè ìbéèrè tí ó tọ́.

Kí ni kí àwa náà béèrè ní ilẹ̀ Ìgbómìnà? Ohun márùn-ún ni mo fi síwájú yín. Èkínní, ọmọ mélòó ni ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mélòó nínú wọn ni ó sì jókòó ṣe ìdánwò ìkẹyìn? Èkejì, ta ni ń kọ́ ìṣirò, ta ni ń kọ́ físíìsì, ó ha sì ń wọ kíláàsì bí? Ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ẹnikẹ́ni kò retí àlejò. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣí ìwé tí ọmọ ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí: olùkọ́ ha ti yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí ọjọ́ tí a rà á ni a ti fi ojú kàn án mọ? Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe bi ọmọ tí ó gba ipò kìíní ní ohunkóhun. Ẹ pe ẹni tí ó kẹ́yìn, kí ó ka ojú ìwé kan, kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín ní Yorùbá. Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ìdánwò bá dé, ta ni ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìdáhùn ha ń gba ojú fèrèsé wọlé bí?

Ohun kan tún wà tí a lè ṣe láìdúró de ìjọba. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ tuntun ní ìdánwò kékeré nínú ìwé kíkà àti ìṣirò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọlé, kí ó sì tọ́jú èsì rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ó tún dán àwọn ọmọ kan náà wò, kí ó sì ka èsì méjèèjì sétí ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́, láìdárúkọ ọmọ kankan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Ìlá níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè bá wa ṣe iṣẹ́ náà, kí ó má bàa jẹ́ pé olùkọ́ ni ń fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ilé ẹ̀kọ́ ìlú yín sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí níbẹ̀. Ẹ sì béèrè wọn pẹ̀lú ní ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye kan tí a kọ sí ara ògiri sọ yín di ẹni tí ń lé ọmọ aláìlera jáde. Nítorí òun gan-an ni a ṣe fi yín síbẹ̀. Àti ẹ̀yin ọmọ, bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá lókìkí, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ tijú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ní òpin ọdún ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìdáhùn yín bá pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ rere ni ẹ wà.